Èbúté Apápá àti Ọrùn Ọmọdé

Èbúté ni oko àwọn ará Liverpool Road ní Apápá. Bí ọkọ̀ ojú omi kò bá gúnlẹ̀, alágbàáru kò ní rí ẹrù gbé, olóúnjẹ kò sì ní rí ẹni tà fún. Nítorí náà, ẹnìkan lè bi wá pé: Èrè wo ni ó wà nínú ohun tí ìjọba Balewa ṣe ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1961, tí ó fún aṣojú Faransé ní wákàtí 48 láti kúrò ní Nàìjíríà, tí ó sì ti èbúté mọ́ ọkọ̀ Faransé? Kí ni ó kan Apápá nínú bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sahara, tí ó jìnnà sí wa ju 2,000 kìlómítà lọ?

Ó kàn wá, ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960 ni wọ́n dán èkíní wò. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, nígbà tí òmìnira wa kò tíì pé oṣù mẹ́ta, wọ́n dán ẹ̀kẹta wò. Ìgbà ọyẹ́ ni méjèèjì. Láti ibo ni eruku ọyẹ́ ti ń wá bí kò ṣe láti aṣálẹ̀? Bí eruku bá mọ ọ̀nà ilé wa, ta ni yóò búra pé oró kò mọ̀ ọ́n?

Ẹ wo bí oró náà ti ń rìn. Áyódíìnì olóró tí ó ti inú bọ́ǹbù jáde a bá afẹ́fẹ́ lọ, a sì balẹ̀ sórí koríko. Màlúù a jẹ koríko, ọmọ a mu wàrà. Ní iwájú ọ̀fun, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, ni ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní thyroid. Ẹ̀yà yìí a máa fa áyódíìnì mọ́ra, kò sì mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí olóró. Ti ọmọdé kéré, ó sì ń dàgbà lọ́wọ́. Nítorí náà ni oró náà fi ń bà á jẹ́ ju ti àgbà lọ. Ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni ìdajì oró náà ń kú, ṣùgbọ́n ibi tí ó ṣe kì í bá a kú.

Ní ọdún 1954, eérú bọ́ǹbù Amẹ́ríkà bọ́ sórí erékùṣù Rongelap. Láti ọdún 1963 ni kókó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ọrùn àwọn tí ó wà ní ọmọdé nígbà náà. Lẹ́yìn ìjàm̀bá Chernobyl ti ọdún 1986, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni jẹjẹrẹ mú ní ibi kan náà.

Òtítọ́ ni pé ohun tí ó dé Èkó kò tó ti Rongelap. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé títì tí a ti èbúté ni òwò Dàhọ̀mì àti Niger lára. Ṣùgbọ́n ẹrù tí kò gúnlẹ̀ lónìí lè gúnlẹ̀ lọ́la. Ọrùn ọmọ kò ní ààrọ̀. Ẹ sì kíyè sí i: ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2010 gan-an ni Faransé ṣe òfin láti san owó ìtanràn fún àwọn tí ìdánwò bọ́ǹbù rẹ̀ pa lára, a sì ka jẹjẹrẹ thyroid ti àwọn tí oró bá nígbà tí wọ́n ń dàgbà mọ́ àwọn àrùn náà. Ọdún 49 géérégé ni ó gbà wọ́n láti dé ibi tí Balewa dúró sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìgboyà ọjọ́ náà ní ìwà òmùgọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà kò gbọdọ̀ dúró kí ọrùn ọmọ wú kí ó tó lahùn.