Ọmọ Tó Ń Bẹ̀rù Dókítà Eyín

"Bí o ò bá dákẹ́, màá pe dókítà kó wá gún ẹ lábẹ́rẹ́." Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí láàrin wa? Ìhàlẹ̀ lásán ni lẹ́nu ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ti sọ dókítà di egúngún tí a fi ń lé ọmọ wọlé. Lọ́jọ́ tí eyín bá wá gbé wa dé ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí ọmọ rí ẹni tó bo ẹnu, tó mú irin dání, ìyà tí a ti ń lérí tipẹ́ ló rò pé ó dé. Igbe tó bá ké, àwa la kọ́ ọ.

Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń ké lórí àga dókítà kì í ṣe alágídí. Èyí tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ń bẹ̀rù àjèjì, ó sì ń bẹ̀rù pé wọn yóò já òun gbà lọ́wọ́ ìyá òun. Èyí tó dàgbà jù ú lọ díẹ̀ ń fọkàn yàwòrán ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ní "ó kù díẹ̀", kò mọ ibi tí díẹ̀ parí sí. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, iná mọ́ sí i lójú, ẹ̀rọ ń han, òórùn òróró kànáfùrù gba yàrá. Ẹnu tí ì bá sì fi sọ pé ó tó, wọ́n ti fi nǹkan sí i. Àgbàlagbà mélòó ló ń fara da ìyẹn láìdi ọwọ́ àga mú?

Ohun tó tún ń dá kún un ni pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ la máa ń lọ. Eyín tí ọmọdé kọ́kọ́ ń hù, 20 ni. "Ṣebí yóò ká náà ni" là ń wí. Lóòótọ́, ti iwájú ń ká ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n àwọn ti ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ lè wà títí di ọdún 10 sí 12. A ó dúró títí kòkòrò yóò fi jẹ ẹ́ kan iṣan, tí ọmọ kò ní lè sùn lóru. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí dókítà náà ni wọn yóò yọ eyín rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí ọmọ ti rí dókítà eyín kó tó pé ọdún kan, nígbà tí ohunkóhun kò tíì ro ó. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó káàdì kò jẹ́ kéyìí rọrùn fún gbogbo ilé. Bí ọdún kan bá ti kọjá, ọdún kejì tàbí ìkẹta ṣì dára.

Dókítà tó mọṣẹ́ ọmọdé kì í kánjú. Ọ̀nà tí Addelston, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 1959 ni wọ́n ṣì ń lò: sọ ọ́ fún un, fi hàn án, kó o tó ṣe é. Dígí kékeré á kọ́kọ́ kan ọwọ́ ọmọ kó tó wọ ẹnu rẹ̀. Fún ọmọ ọwọ́, ìyá àti dókítà á jókòó kojú ara wọn, orúnkún kan orúnkún. Ọmọ á fẹsẹ̀ gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, orí rẹ̀ á sùn lé itan dókítà, á sì máa wo ojú ìyá rẹ̀. Wọ́n á bá èyí tó dàgbà díẹ̀ ṣàdéhùn pé tó bá ti nawọ́ sókè, iṣẹ́ dúró. Dókítà tó bá da àdéhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, kó má retí pé ọmọ yóò tún ya ẹnu fún òun.

Nílé ńkọ́? Ẹ má fi irọ́ mú un jáde pé ilé ìyá àgbà lẹ ń lọ. Ẹ má sì ní "kò ní dùn ẹ́", torí ọmọ tí kò ronú kan ìrora tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. "Dókítà fẹ́ ka eyín rẹ" ti tó. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ mú ṣíbí, kí ọmọ ka tiyín, kí ẹ̀yin náà ka tirẹ̀. Ìtàn eyín tiyín tí wọ́n fipá yọ, ẹ fi pamọ́. Ẹ̀rù òbí máa ń ran ọmọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé àyà yín ń já, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì nínú ilé mú un lọ. Ní ti súìtì tí a fi ń ṣe ẹ̀bùn fún ọmọ tó ti ọ̀dọ̀ dókítà eyín dé, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Èyí tí ẹ̀rù ti bà gan-an, ẹ sọ fún dókítà kí ọmọ tó wọlé. Ohun tí kò bá pọn dandan lónìí lè dúró. Kì í sì í ṣe gbogbo ihò ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ́: oògùn olómi kan wà, silver diamine fluoride, tí wọ́n ń fi kùn ún kó má bàa jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sọ ojú ibẹ̀ di dúdú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara ọmọ sì gbóná, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ̀rù yóò kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, bó ti wù kó ké tó.