Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù yín àtijọ́ lọ

Tí àwọn ọmọ bá ra fóònù tuntun fún yín, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ sì ṣàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, torí ibẹ̀ ni fọ́tò àti ohùn àwọn èèyàn wa tó ti lọ ti máa ń sọnù.

Ọmọ yóò gbé WhatsApp sórí fóònù tuntun, yóò tẹ nọ́ńbà yín sí i. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti ń bá àwọn èèyàn sọ látọjọ́ pípẹ́ yóò fi jáde. Ọmọ á ní, "Màmá, ó ti parí." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù àtijọ́ rẹ́, wọ́n á sì ti gbé e fún ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀, kò tíì parí o! Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń dé. Fọ́tò àti ohùn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ilé oúnjẹ tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bu oúnjẹ, òun náà ló ń gbowó, òun náà ló tún ń gúnyán. Bó bá wọ ẹ̀yìn lọ gúnyán, ta ni yóò dá oníbàárà lóhùn? Bẹ́ẹ̀ náà ni ápù orí fóònù rí. Apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló ń bójú tó ibi tẹ́ ẹ̀ ń fọwọ́ tẹ̀. Tí wọ́n bá di iṣẹ́ tó wúwo lé e lórí, ojú fóònù kò ní mira mọ́. Lórí fóònù Android, tẹ́ ẹ bá tẹ ápù kan tí kò sì dá yín lóhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, fóònù fúnra rẹ̀ lè kọ ọ́ síta pé ápù náà "isn't responding". Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe ápù fi máa ń gbé iṣẹ́ tó bá pẹ́ lọ sẹ́yìn, kí iwájú lè máa dá yín lóhùn.

Tẹ́ ẹ bá rí ìkìlọ̀ yẹn, "Wait" ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ "Close app". Mo mọ̀ pé ara kì í gbà á, pàápàá àwọn ọmọ wa tí wọn kò lè dúró. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan fóònù tuntun rárá, ẹ ní kí wọ́n ṣí "Chat backup" lórí ti àtijọ́, kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sórí Google lákọ̀tun. Fídíò kì í bá wọn lọ àfi tí wọ́n bá tan "Include videos". Láti ọdún 2024, ohun tí WhatsApp ń fi pamọ́ síbẹ̀ ti wà lára gígábáìtì 15 tí Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àyè náà bá ti kún, kò ní wọlé. Nọ́ńbà kan náà àti àkáǹtì Google kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò lórí fóònù tuntun.

Wi-Fi ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, torí dátà tẹ́ ẹ rà lè tán kó tó dé ìdajì. Ẹ sì fi fóònù sórí iná. Láti ìgbà tí Android 6.0 ti jáde lọ́dún 2015, fóònù tó bá wà nílẹ̀ láìsí iná lára rẹ̀, tójú rẹ̀ sì ṣú, máa ń dá iṣẹ́ ẹ̀yìn dúró kí bátìrì má bàa tán. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun kan náà ló lè mú kí ápù tó ń rán yín létí oògùn pẹ́ kó tó dún. Aago ìdágìrì tó bá fóònù wá ni kẹ́ ẹ lò.)

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí? Ẹ má wo ọ̀rọ̀ àná. Ẹ lọ síbi tó pẹ́ jù, ẹ ṣí fọ́tò ọjọ́ ìsìnkú Bàbá, tàbí ti ìkómọ ọmọ-ọmọ yín àkọ́kọ́. Tó bá ṣú bàìbàì, tí ọfà kékeré kan wà lójú rẹ̀, kò tíì dé. Ẹ wá ohùn kan tí ẹni tó ti kú fi ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dópin. Ní tèmi, kódà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí fóònù àtijọ́ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ kan.