Táǹkì Wo Ni Ó Dára Jù? Ẹ Kọ́kọ́ Bi Ilẹ̀ Léèrè

Kò sí ibi tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ó ti ka ìwé ogun bá ti jókòó pọ̀ tí àríyànjiyàn yìí kì í ti í bẹ́ sílẹ̀: nínú àwọn ọkọ̀ ogun onírin tí a ń pè ní táǹkì, èwo ni baba àwọn yòókù nígbà ogun Hitler? Níhìn-ín ní Kirkissoye, ní ìhà ọ̀tún Odò Ọya ní Niamey, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni kan a ní Tiger ti àwọn ará Jámánì ni. Ẹlòmíràn a ní T-34 ti Rọ́ṣíà. Ẹni tí ó fẹ́ràn Amẹ́ríkà a dárúkọ Sherman. Gbogbo wọn ni í máa ka sísanra irin àti gígùn ẹnu àgbá. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà yóò tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fún Tiger ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Irin iwájú rẹ̀ nípọn tó mílímítà 100, ẹnu àgbá rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 88. Láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti lè pa táǹkì ọ̀tá kí ti ọ̀tá tó lè ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 57. Afárá kékeré kò lè gbé e, epo tí ó ń mu kò kéré, bí ó bá sì kú sójú ọ̀nà, iṣẹ́ ńlá ni láti fà á kúrò lójú ìjà. Láti 1942 títí di 1944, nǹkan bí 1,350 péré ni Jámánì lè rọ. Ní ti Rọ́ṣíà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wọn lọ sí agbègbè òkè Ural ní 1941, T-34 tí wọ́n rọ kí ogun tó parí lé ní 50,000. Irin iwájú ara rẹ̀ kò ju mílímítà 45 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọta lè máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n irin tí ó fi ń rìn fẹ̀, kò sì tètè rì sínú ẹrẹ̀. Inú rẹ̀ há púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìṣáájú kò sì ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Mi ò mọ ẹni tí yóò fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ nítorí ìgbádùn. Ti Sherman, irin rẹ̀ kò tó ti Tiger rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ kì í tètè kú, ó ṣeé kó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000.

Ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ rí ẹ̀rí ọ̀ràn náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1943, ní Tunisia, ọta láti ara táǹkì Churchill ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì há sí ọrùn Tiger kan, orí rẹ̀ kò lè yí mọ́, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ sá lọ. Òun ni Tiger 131 tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bovington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Churchill ń fà bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó mọ òkè gùn, ó sì fi hàn ní Longstop Hill ní oṣù kan náà.

Àwọn ọmọ ogun tiwa ńkọ́? Ọ̀wọ́ ọmọ ogun 81 láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la ọ̀nà nǹkan bí máìlì 75 gba orí òkè wọ àfonífojì Kaladan ní Burma ní 1944, wọ́n sì fi orí ru ẹrù wọn. Àwọn tí ń yin irin kì í rántí orí tí ó ru ọta.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ Niger jù lọ ni ti Chad, aládùúgbò rẹ̀, ní 1987. Àwọn ará Líbíà ní T-55, tọ́ọ̀nù 36, àgbá mílímítà 100. Àwọn ará Chad tí Hassan Djamous ṣáájú ní Toyota akẹ́rù kéékèèké, wọ́n sì gbé MILAN, ọta olóró tí a ń fi wáyà darí, sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní, ní Fada, wọ́n ya bo ọ̀tá láti ìhà púpọ̀, eré wọn sì pọ̀ ju bí orí táǹkì ti lè yí lọ. Iye T-55 tí a kà pé ó bàjẹ́ níbẹ̀ lé ní 90. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, Ouadi Doum tẹ̀ lé e. Kí a má ṣe purọ́ fún ọmọ ilé ìwé: Faransé ni ó fún wọn ní ohun ìjà, Toyota kò sì ní irin kankan tí ó lè dá ọta dúró. Ní ìgboro tó há, àfàìmọ̀ kí ó má di pósí. Ohun tí ó ṣẹ́gun ni pé ọkọ̀, ilẹ̀ àti ẹni tí ń wà á bá ara wọn mu. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni owó ìlú. Nàìjíríà ra Vickers Mark 3 lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1980. Ogun tí ó dé bá Borno lẹ́yìn 2009 sì jẹ́ ti alùpùpù àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ ogun Niger ti fi ń lo Panhard ti Faransé, ọkọ̀ olójú táyà tí kò tó tọ́ọ̀nù 6. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n wo oko ìrẹsì Kirkissoye lẹ́yìn òjò, kí wọ́n wá sọ fún mi bí wọn yóò ti fa tọ́ọ̀nù 57 jáde nínú amọ̀ náà.

Red Devil tí àwọn ará Biafra fi irin bò láàárín 1967 sí 1970 ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia. Ó wúwo, kò sì rẹwà. Síbẹ̀, ẹni tí ó rọ ọ́ ni ó ń tún un ṣe, kò kọ̀wé sí òkè òkun nítorí nọ́ọ̀tì kan. Nítorí náà, kí àwọn tí ń rajà fún ìjọba wa tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n mú mẹkáníìkì ogun méjì dání láti ilé, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n tú jíà ọkọ̀ náà palẹ̀ lójú ẹni tí ń tà á.