Bàbá, Ẹ Gun Kẹ̀kẹ́ Náà, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Múra Ara Sílẹ̀

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tí wọ́n ní ọmọ lókè òkun.

Bàbá ẹni ọdún 64 ló kọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn ọkùnrin tó ń gbé ní ìlú Girona, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ti ní kí àwọn wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun, ó sì fẹ́ kí bàbá àti ọmọ jọ gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú Olot wá sí Girona. Bàbá yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn. Ìyá àwọn ọmọ ti fàáké kọ́rí. Wọ́n ní bí ọkọ̀ kò bá pa bàbá lójú títì, àárẹ̀ yóò pa wọ́n. Bàbá wá bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n lọ ni, àbí kí n jókòó?”

Lẹ́tà yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Olùkọ́ ni bàbá tèmi, Raleigh dúdú ni wọ́n sì ń gùn lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, tí wọ́n tún ń gùn lọ sóko ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá wọn wọ gọ́tà. Wọn kò ṣẹ́ léegun, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sára ògiri. Kò pẹ́ tí ikùn fi yọ, tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi dé, tí orúnkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ọjọ́ orí kọ́ ló gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ọkọ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wádìí irú ọ̀nà tí ọmọ yìí ń sọ. Kì í ṣe títì ọkọ̀ rárá. Ọ̀nà rélùwéè kékeré kan ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1911 ni reluwéè náà dé Olot, ọdún 1969 sì ni wọ́n dá a dúró. Wọ́n hú irin rẹ̀ kúrò, wọ́n sì sọ ojú ọ̀nà náà di ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 57. Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n dà sí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ ni. Láti ọdún 1993 ni ìjọba Sípéènì ti ń tún irú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n sì ti lé ní 3,000 kìlómítà káàkiri ilẹ̀ náà.

Ẹsẹ̀ àwọn òkè Pyrenees ni ọ̀nà yìí wà. Olot fúnra rẹ̀ wà láàárín àwọn òkè oníná tí iná wọn ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Bí ènìyàn bá kúrò ní Olot, yóò kọ́kọ́ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bíi 600 mítà sókè òkun, lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́ títí dé Girona. Ibi tó ti dára fún àgbàlagbà nìyí: rélùwéè kò lè gun òkè tó ga gàgàrà, nítorí irin tó ń yí lórí irin máa ń yọ̀. Nítorí náà, àwọn tó la ọ̀nà náà rọra gbé e gba ẹ̀gbẹ́ òkè ni. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ nígbà náà ló wá di ìrọ̀rùn fún orúnkún yín lónìí.

Ibi ìsinmi kò sì wọ́n. Ẹ ó kọjá ní Sant Feliu de Pallerols, níbi tí afárá olókùúta àtijọ́ wà, àti Amer, níbi tí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn àtijọ́ kan wà. Ẹ ó tẹ̀ lé odò Ter gba Anglès àti Salt. Bí ẹ bá dé Girona, ẹ ó rí ògiri ìlú, àdúgbò tí àwọn Júù gbé láyé àtijọ́, àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí inú gbọ̀ngán rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 23.

Ní ti ìlera, kẹ̀kẹ́ sàn fún orúnkún tó ń dunni ju eré sísá lọ, nítorí pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara. Iṣan itan ń le sí i, ọkàn ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ran oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà, títí kan ẹni tó ti lé ní ọdún 65, máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í fún egungun lókun bí ìrìn ẹsẹ̀. Kí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ má ṣe fi ìrìn sílẹ̀, pàápàá àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró.

Bàbá, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí.

Àkọ́kọ́, ẹ rí dókítà yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá wà ní 180 lórí 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ títí yóò fi wálẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń rìn, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún un. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí ìrìn àjò.

Èkejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ fi ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, agbára tí ẹ ń lò tó. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gé lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ sókè tó, tí orúnkún yóò fi rọ díẹ̀ péré nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nísàlẹ̀. Ìjókòó tó bá rẹlẹ̀ jù máa ń pa orúnkún lára. Táyà tó fẹ̀ ló dára lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ má ṣe já bíréèkì lójijì níbi kọ́nà, ẹ rọra fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Akoto di dandan. Níbi tí ọ̀nà náà bá ti pàdé títì ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó kọjá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe é tán lọ́jọ́ kan. Ẹ sùn ní Amer, kí ẹ parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ẹ sì máa dìde lórí ìjókòó lóòrèkóòrè kí ìdí má baà kú. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ súgà kí ó mú ṣúgà tàbí súwíìtì dání.

Ẹ̀karùn-ún, bí àyà bá fún yín, tí apá tàbí àgbọ̀n bá ń dùn yín, tí èémí bá ṣẹ́ tàbí tí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ yín pe 112. Ẹ má sọ pé ó di ìlú tó kàn.

Màmá, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù àìgbọ́n. Ojú títì tí a mọ̀ nílé ló kọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti mú ọkọ̀ kúrò lọ́nà, ohun tó kù ni ara, ara sì ṣe é múra sílẹ̀. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí bàbá lọ. Kódà, ẹ bá wọn lọ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin díẹ̀ nínú ọ̀nà náà láàárọ̀, kí ẹ sì dúró dè wọ́n ní Amer pẹ̀lú omi tútù. Kẹ̀kẹ́ bàbá tèmi ṣì wà lára ògiri. Mi ò fẹ́ kí ti bàbá yìí wà níbẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ìlera wa kò ní yingin.