Ẹ Fi Ìjókòó Ẹ̀yìn Sílẹ̀: Abẹ́ Rẹ̀ Ni Àyè Wà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lójú ẹlòmíràn, kó máa rò ó pé kí ló kan àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ó kàn wá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń ta obì ní Ṣágámù. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Rẹ́mọ mọ̀ pé òwò obì kì í ṣe òwò kékeré níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ra gbàǹja jọ láti oko àti ọjà abúlé, tí wọ́n ń kó o lọ sí òkè Ọya. Nídìí òwò yìí ni ọ̀pọ̀ Hausa ṣe fìdí kalẹ̀ sí Ṣágámù. Obì kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ewé ni wọ́n fi ń tẹ́ inú agbọ̀n rẹ̀ kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ.

Nígbà tí Bàbá ra píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Oòrùn ń pa obì níbẹ̀, òjò ń rọ̀ sí i, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá sì mú wọn ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọwọ́ àwọn ọmọ ìta kì í gbé jẹ́ẹ́. Ni Bàbá bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ajórinmọ́rin kan, tí a mọ̀ sí wẹ́dà. Ìyẹn tú ìjókòó ẹ̀yìn, ibi tí a ń jókòó lé àti ibi tí a ń fẹ̀yìn tì, ó tú bẹ́líìtì pẹ̀lú. Wọ́n fi pákó kan àpótí ńlá kan, wọ́n gbé e síbẹ̀. Wọ́n ta ìjókòó tí wọ́n tú. Gbogbo wa la yin Bàbá pé orí rẹ̀ pé. Èmi náà wà lára àwọn tó yìn ín.

Ní ọjọ́ kan tí a wà nínú ìsinmi, à ń bọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣágámù. Èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ọmọ àbúrò bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó lórí àpótí lẹ́yìn mi. Ọlọ́kadà kan já sí títì láìwo ọ̀tún, kò wo òsì. Bàbá tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ wa kò kọ lu ohunkóhun, ọlọ́kadà náà bá tirẹ̀ lọ láìfarapa. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó de àpótí yẹn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ó sún síwájú tagbáratagbára, ọmọ náà sì bá a lọ. Èjìká ló fi gba ẹ̀yìn àga tí mo jókòó sí, egungun ibẹ̀ sì kán. Ó ti san báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì lè gbé korobá omi bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́bi, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Èrò mi nìyí: kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn tún inú mọ́tò rẹ̀ ṣe kó lè rí àyè ẹrù. Ohun tó burú ni kí a yọ ìjókòó kúrò nítorí àyè, kí a sì tún máa gbé èèyàn síbẹ̀.

Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọkọ̀ ṣe nílẹ̀ wa. Àwọn káfíńtà wa ló fi pákó kan ara bọ̀lẹ̀kájà lé orí ọkọ̀ Bedford tó ti Ìlú Ọba wá. Ọ̀pọ̀ dánfó ló jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ní Yúróòpù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn wẹ́dà wa ló la fèrèsé sí i lára, tí wọ́n sì jó bẹ́ǹṣì irin sínú rẹ̀. Ọwọ́ wọn gbọ́n, n kò sì kọ̀wé yìí láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tú nǹkan gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe kó tó tú u.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìjókòó ẹ̀yìn ń ṣe. Àkọ́kọ́, ó ń gba èèyàn dúró. Ìkejì, òun àti bẹ́líìtì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Bẹ́líìtì tó gba orí èjìká àti ìbàdí kọjá, tí Nils Bohlin ọmọ ilẹ̀ Sweden ṣe fún iléeṣẹ́ Volvo ní 1959, kò lè gba ẹ̀mí là bí bóòtì tó dì í mú kò bá dúró ṣinṣin. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tàbí abẹ́ rẹ̀ ni bóòtì yìí wà. Ìkẹta, ibi tí a ń fẹ̀yìn tì ń dá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró kó má baà fò síwájú.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹrù fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù inú rẹ̀ ń sáré. Bí ọkọ̀ bá wá kọ lu nǹkan tó sì dúró lójijì, ẹrù kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti dúró. Agbára tó máa fi lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tó ti ẹrù kan náà tó bá já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó ga tó mítà 14. Bí ìsáré bá di 80, ọ̀pẹ náà á ga tó mítà 25. Ẹ rí i pé ìsáré kò lé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, àmọ́ gíga ọ̀pẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ta ni nínú wa tó máa jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ kí wọ́n ju agbọ̀n obì sílẹ̀ láti òkè?

Kí wá ni ṣíṣe? Bàbá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà mìíràn, èmi náà sì bá a lọ. Wọ́n wá ìjókòó tòkúnbọ̀ tó bá ọkọ̀ náà mu. Owó tí wọ́n fi rà á ju èyí tí wọ́n rí lórí ìjókòó àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú bóòtì tó tọ́, wọ́n dá bẹ́líìtì náà padà. Ibi tí a ń jókòó lé ṣeé gbé sókè. Jáàkì àti sípánà táyà ni wọ́n ṣe abẹ́ rẹ̀ fún, àyè ṣì kù níbẹ̀. Wọ́n ṣe àpótí pẹlẹbẹ kan tó bá ilẹ̀ ọkọ̀ mu, wọ́n pín inú rẹ̀ sí mẹ́ta, wọ́n sì rí i dájú pé kò ga débi tí ìjókòó kò fi ní padà wálẹ̀ kó há dáadáa. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n, ìwé owó àti irinṣẹ́ ń wà báyìí. Ẹ̀yìn ibi tí a ń fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń ki okùn àti tapólì sí. Wẹ́dà yìí kò jó ohunkóhun mọ́ irin ìjókòó. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò kó tó lu ihò kankan, nítorí páìpù bíréèkì àti táǹkì epo lè wà níbẹ̀. Ó sì gbé fóòmù ìjókòó jìnnà sí iná. Ní ti obì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló padà sí, lábẹ́ ìdérí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń gbà wọlé.

N kò ní purọ́ fún yín, àyè tó jáde kò tó ti àpótí àkọ́kọ́. Ẹrù tí Bàbá ń kó lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, epo mọ́tò kò sì rọjú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹlòmíràn á ní, “Èmi nìkan ni mo ń wa ọkọ̀ mi, kò sẹ́ni tó ń jókòó lẹ́yìn.” Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kó fi bóòtì de àpótí mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kó fi irin dí àárín òun àti ẹrù, kó sì má gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀ láéláé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ta ló máa rí ìyá àgbà kan nínú òjò ní ibùdókọ̀ Ìlíṣàn, tí àyè wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, tó máa kọjá lọ? Nílẹ̀ wa, ibi tí èèyàn bá lè gba inú mọ́tò, èèyàn á jókòó síbẹ̀.

Ibi tó ti kan ẹ̀ka wa nìyí. Wẹ́dà àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni. Ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé ìlò ọkọ̀ kò bá a wá láti òkè òkun, bó bá sì bá a wá, kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n fi máa kọ ọ́. Yorùbá sì ni èdè iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà láti àárọ̀ dalẹ́. Àwa tí a ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ èdè yìí, kí la ti kọ fún àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ òòjọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ, ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1988. Òǹkọ̀wé ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa kọ ìwé ojú kan ṣoṣo, kí a fi han àwọn ẹnjiníà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí WhatsApp fún ẹni tí kò bá lè kàwé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí:

Má tú ìjókòó tí èèyàn ṣì máa jókòó sí. Má jó iná mọ́ ibi tí bóòtì bẹ́líìtì wà. Wo abẹ́ ọkọ̀ kí o tó lu ihò. De gbogbo ẹrù mọ́ ilẹ̀. Wá àyè sí abẹ́ ìjókòó, má wá a sí ipò rẹ̀.

Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kó mú un wá. Ọmọ àbúrò bàbá mi ti padà sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn báyìí, lórí ìjókòó gidi. Kí Bàbá tó ṣíná, ọmọ náà á fa bẹ́líìtì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, á wá ní, “Ó ti há, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ.”