Rìkíṣí Àwọn Ẹ̀dá Òfurufú: Ohun Tó Wà Nínú Eré The X-Files

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń wo eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ ní Ìkejì-Arakeji tàbí ní Òṣogbo, a máa bi ara wọn léèrè bóyá òtítọ́ wà nínú The X-Files. Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Eré yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, ó dáwọ́ dúró ní 2002, wọ́n sì tún gbé e jáde ní 2016 àti 2018. Ìtàn ibẹ̀ ni pé àwọn alágbára kan ní Amẹ́ríkà bá àwọn ẹ̀dá tó wá láti òfurufú mulẹ̀, wọ́n fi ẹbí ara wọn dógò fún wọn ní 1973, wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ aráyé lójú. Fox Mulder, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI tí àbúrò rẹ̀ obìnrin sọnù láti kékeré, ló ń tú u wò.

Nínú ìpín kan tó jáde ní 1995, Mulder àti Dana Scully já sí ihò ìwakùsà kan tí fáìlì kún inú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná ni wọ́n bá níbẹ̀, tí àwọn ọlọ́tẹ̀ ti sọ di ìwé orúkọ ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá wo èyí tán á rántí òṣìṣẹ́ ìlera tó ń kan ilẹ̀kùn, tó kán oògùn rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu, tó fi íǹkì sàmì sí i níka, tó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri. Àmì náà kò ju kí wọ́n má baà fo ilé kan tàbí ọmọ kan lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àlá lásán ni gbogbo rẹ̀ kò tíì ka ìtàn. Ní Tuskegee, láti 1932 sí 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ń wo àwọn aláwọ̀ dúdú tí àrùn sífílíìsì ń jẹ, wọn kò sì tọ́jú wọn. Ní Kano ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lọ́rùnlọ́rùn, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò. Nínú nǹkan bí 200 ọmọ tí wọ́n kó sínú ìdánwò náà, 11 kú. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn. Iléeṣẹ́ náà jiyàn, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìparí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano.

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ béèrè bí àṣírí wọ̀nyí ṣe tú. Peter Buxtun, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ iléeṣẹ́ ìlera náà rí, ló tú ti Tuskegee fún oníròyìn. Ti Kano dé iwájú adájọ́. Ìwé wà, ẹlẹ́rìí wà. Nínú eré, ẹni tó bá sẹ́ ti di ọ̀kan nínú ọlọ́tẹ̀, àìsí ẹ̀rí pàápàá sì di ẹ̀rí. Ní 1999 wọ́n dáná sun àwọn ọlọ́tẹ̀ náà, ìtàn kò parí. Nígbà tó di 2016, àwọn òǹkọ̀wé tún yí i padà pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni látilẹ̀. Ó ń dùn-ún wò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, bí kò bá ti di òṣùwọ̀n tí bàbá fi ń wọn oògùn ọmọ rẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló sì ṣẹlẹ̀ ní Kano ní 2003. Ìròyìn tàn pé oògùn rọpárọsẹ̀ ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, ìjọba ìpínlẹ̀ sì dá a dúró fún bí ọdún kan. Súrátul-Hujuráàt ti pàṣẹ fún onígbàgbọ́ òdodo láti wádìí ìròyìn kó tó gbé ìgbésẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn kò dúró de ìwádìí. Ó ràn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní 2004 ni Kano tó gbà, nígbà tí wọ́n rí oògùn láti Indonesia, ilẹ̀ Mùsùlùmí. Ní 2005, kòkòrò àrùn tó ti Nàìjíríà jáde wọ Indonesia fúnra rẹ̀, ó sì rọ àwọn ọmọ tó lé ní 300 lápá lẹ́sẹ̀.