Tábìlì 16 fún kí ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ kóòdù láti Ìwòròkó títí dé Ajílòsun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ó ti sú mi kí èèyàn máa bú SQL Server, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó kọ ránṣẹ́ sí i ni kò dáa.

Ká ní ẹ fẹ́ kó orúkọ àwọn àgbẹ̀ Èkìtì jọ. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 la ní. Ẹ wá kọ stored procedure tó ń gba orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, tó sì ń fi orúkọ yẹn dá tábìlì tuntun sílẹ̀. Oye wọlé, Ikole wọlé, Moba wọlé. Ó kan Ido-Osi, gbàm! "Incorrect syntax near '-'".

Àmì ìyọkúrò ni server rí níbẹ̀, kò mọ̀ pé orúkọ ni. Ise/Orun ṣì ń bọ̀ o, Irepodun/Ifelodun wà lẹ́yìn ẹ̀. QUOTENAME ló máa fi [ ] yí orúkọ náà ká. Kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: láìsí i, oníjìbìtì kan lè kọ DROP TABLE síbi tẹ́ ẹ ní kó kọ orúkọ sí, procedure yín á sì bá a ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti N. Ẹ kọ 'Ọ̀yẹ́' láìfi N síwájú ẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ server, àmì ìbéèrè lẹ máa bá níbi tí ẹ yẹn wà. Ọmọ Èkìtì ló sọ orúkọ ìlú ẹ̀ di àmì ìbéèrè! Ẹ lo nvarchar. sp_executesql gan-an ò gba varchar.

"Tábìlì #temp mi pòórá." Kò pòórá jàre. Inú EXEC lẹ dá a sí. EXEC parí, server sì palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ẹ dá a sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe EXEC, á dúró dè yín.

Bí ẹ bá sì ń fi + so ọ̀rọ̀ pọ̀, tí variable kan ṣoṣo jẹ́ NULL, gbogbo ẹ̀ á di NULL. Kò ní dá nǹkan kan sílẹ̀, kò sì ní pariwo. Ẹ PRINT ohun tẹ́ ẹ kọ kẹ́ ẹ tó ní kó ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́, ta ló ní kẹ́ ẹ dá tábìlì 16? Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà fóònù kún un, ìgbà 16 lẹ máa ṣe é. Tó bá béèrè iye àgbẹ̀ tó wà ní Èkìtì, UNION ALL tó gùn bí ọ̀nà Ìyìn. Ẹ sì mọ̀ pé LCDA náà wà nílẹ̀, ṣé ẹ máa dá tiwọn náà ni? Tábìlì kan, kọ́lọ́mù kan tó ń jẹ́ ijoba_ibile, ó parí. Wọ́n á ní tábìlì púpọ̀ ló ń yára. Kí wá ni index wà fún?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, tẹ́ ẹ wá ń fi tábìlì 16 yìí kọ́ wọn, ẹ ṣàánú wọn. Àwọn ni wọ́n máa bi léèrè níbi iṣẹ́ lọ́la, kì í ṣe ẹ̀yin.

Mi ò ní kò wúlò rárá o. Fáìlì tí ẹ ò mọ kọ́lọ́mù inú ẹ̀ títí tó fi dé, ìyẹn yé mi. Ẹni tó bá ní ìdí mìíràn, kó kọ ọ́ sábẹ́ ibí, kó fi ohun tí PRINT gbé jáde tì í. Màá kà á.